Ẹnu Ọ̀nà Tó Gba Ènìyàn: Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Ta-Ló-Sọ-Bẹ́ẹ̀

Ẹbí olóògbé kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá wọn kẹ́dùn lónìí, wọ́n sì dúpẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti ṣàkíyèsí, bí ẹ ṣe ń wọlé, pé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn yìí fẹ̀ dáadáa. Bí ẹ kò bá ṣàkíyèsí, kò burú. Àmọ́ ká ní Màmá tí a wá sin yìí ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ni, wọn ì bá ti bi yín léèrè ẹni tó sọ pé kó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọn kò sì ní jẹ́ kí ẹ gbádùn orin àkọ́kọ́ títí ẹ ó fi dáhùn.

Ọdún 1944 ni wọ́n bí Màmá, nínú yàrá kan tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé alájùmọ̀gbé, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń lo balùwẹ̀ kan àti ẹ̀rọ omi kan. Bàbá tó bí wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé, ọmọ ìdílé àwọn ènìyàn tó ga, tí èjìká wọn sì fẹ̀. Títí di òní ni a ṣì ń rí èjìká yẹn lára àwọn ọmọ-ọmọ, pàápàá nígbà tí a bá ń wá aṣọ ilé-ìwé tó máa bá wọn mu. Ìyá tó bí wọn, tí gbogbo ìdílé ń pè ní Ìyá Àgbà, jẹ́ aránṣọ. Tábìlì gígùn kan ni Ìyá Àgbà fi ń gé aṣọ. Ọkọ wọn ló fi ta wọ́n lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì yàrá náà tán. Abẹ́ tábìlì yìí ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹní Màmá sí.

Ilẹ̀kùn yàrá náà kò fẹ̀ rárá. Ẹ̀gbẹ́ ni bàbá wọn máa ń fi wọlé, èjìká kan á ṣáájú, èkejì á tẹ̀lé e. Màmá máa ń sọ fún àwọn ọmọ wọn pé nígbà tí àwọn wà ní kékeré, àwọn rò pé bí gbogbo bàbá ṣe ń wọlé nìyẹn.

Ní ọdún 1955, àìsàn kọlu bàbá wọn, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi kú nínú yàrá náà ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn ará ilé péjọ láti gbé òkú jáde. Pákó tí wọ́n tẹ́ wọn lé lórí kò gba ẹnu ọ̀nà. Wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, kò gbà. Níkẹyìn, wọ́n fi aṣọ di bàbá náà mọ́ pákó, wọ́n gbé wọn nàró bí ẹni gbé kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì fi ẹ̀gbẹ́ mú wọn jáde. Ìyá Àgbà yíjú sí ògiri. Màmá, tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọdé, kò yíjú. Wọ́n wo férémù ilẹ̀kùn, wọ́n wo èjìká bàbá wọn, wọ́n sì béèrè tòun tẹkún pé, "Ta ló sọ pé kó rí báyìí?"

Àgbàlagbà kan jágbe mọ́ wọn. "Panu mọ́, ọmọ yìí! Ṣé ìbéèrè la wá ṣe níbí ni?"

Wọ́n panu mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn wọn, àìmọye ènìyàn ló sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn láti ìgbà náà.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti sọ wọ́n ní Ta-Ló-Sọ-Bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ní kí àwọn ọmọ tò kí wọ́n tó wọ kíláàsì, Màmá sì béèrè ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ní òun ni. "Ta ló wá sọ fún yín, sà?" Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà. Nígbà tí Màmá máa fi jáde níbẹ̀, wọ́n ti jẹgba lọ́wọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbọ́ ìdáhùn: nígbà kan rí, àwọn ọmọ ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, apá ọ̀kan sì dá. Màmá sọ títí wọ́n fi darúgbó pé ìdáhùn yẹn tó ẹgba náà í jẹ.

Ìyá Àgbà fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán wọn lọ sí ilé-ìwé gíga. Wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 1963, wọ́n sì di olùkọ́. Ìyá Àgbà kò kó kúrò nínú yàrá ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà mọ̀ wọ́n sí, tábìlì náà sì ti mọ àyè rẹ̀.

Ní ọdún 1966, Màmá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nígbà tí wọ́n rí ìlẹ̀kùn tí káfíńtà kan tò síwájú ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo wọn fẹ̀ bákan náà. Màmá dúró.

"Ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ pé kí ilẹ̀kùn fẹ̀ báyìí?"

Káfíńtà náà gbójú sókè. "Bí pákó ṣe ń wá ni, àǹtí."

Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, Màmá ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta pákó, tó ní bí àwọn alágbàáṣe ibi ìlagi ṣe ń là á ni òun ṣe ń tà á. Màmá dé ibi ìlagi. Àwọn yẹn ní bí àwọn káfíńtà ṣe ń béèrè fún un ni àwọn ṣe ń là á. Màmá bá padà sí ṣọ́ọ̀bù.

"Wọ́n ní ẹ̀yin ni."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ̀yin lẹ ní kó rí bẹ́ẹ̀."

Káfíńtà náà bú sẹ́rìn-ín, ó gbé ayùn sílẹ̀. "Á jẹ́ pé kò sẹ́ni tó sọ ọ́ nìyẹn."

"Ohun tí mo wá sọ fún yín gan-an nìyẹn," ni Màmá wí. "Bí kò bá sẹ́ni tó sọ ọ́, a lè sọ nǹkan míì."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1968. Bàbá wa, nítorí káfíńtà náà ni bàbá wa, máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé torí kí ìbéèrè lè tán lòun ṣe gbé wọn níyàwó, pé ìṣirò òun kò bọ́ sí i rárá. Púlọ́ọ̀tì kan ni wọ́n rà ní ẹ̀yìn ìlú, níbi tí kò tíì sí nǹkan kan yàtọ̀ sí koríko nígbà náà, wọ́n sì kọ́ ilé sí i díẹ̀díẹ̀.

Màmá gba oyè nínú ìmọ̀ òfin ní ọdún 1973, wọ́n sì wọ iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti kọ ohun tí ìjọba ní lọ́kàn sílẹ̀, kí ó lè di òfin. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí máa ń jókòó sídìí tábìlì kọ ọ́ ni. Màmá máa ń kọ́kọ́ gbé inú rẹ̀ ná. Bí ìwé kan bá sọ pé báyìí ni yàrá gbọ́dọ̀ fẹ̀ mọ, wọ́n á mú okùn àti èèkàn wá sílé, wọ́n á na yàrá náà sí àgbàlá bó ṣe tóbi gan-an, wọ́n á fi àyè ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, gbogbo ìdílé á sì kó sínú rẹ̀. Ibẹ̀ la ó ti jẹun. Ibẹ̀ la ó ti ka ìwé, ibẹ̀ la ó ti jà. Ẹni tó bá ré okùn kọjá ti fọ́ ògiri nìyẹn, ó sì gbọ́dọ̀ dúró tún un ṣe. Àkọ́bí wọn, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì lónìí, fọ́ ògiri tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá wa fi ń pè é ní katakata tí ń wólé. Àwọn aládùúgbò a máa yọjú láti fèrèsé wọn, wọ́n á ní, "Ìyàwó káfíńtà tún ti kó àwọn ọmọ sínú ilé tí kò sí." Màmá á kàn jókòó sáàárín okùn, wọ́n á máa wo ibi tí orókún ẹnì kan ti ń kan ti ẹlòmíràn.

Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1999, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ní kí Màmá wá máa ṣe olórí àwọn tó ń kọ àbádòfin, ìlú ti kọjá koríko yẹn tipẹ́. Ilé-iṣẹ́ ti pọ̀, fásitì ti dé, àwọn ènìyàn sì ń wọlé lójoojúmọ́ tòun ti bẹ́ẹ̀dì lórí ọkọ̀. Yàrá kò ká wọn. Àwọn onílé ń fi pákó pẹlẹbẹ pín yàrá kan sí méjì, wọ́n tún ń pín ìdajì náà. Àwọn tó rí ilẹ̀ ń kọ́ ilé kí ọ̀nà tó dé ibẹ̀, kí omi tó dé ibẹ̀. Bí Màmá bá ṣíwọ́ iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, àárín àwọn àdúgbò tuntun wọ̀nyí ni wọ́n máa ń rìn kiri. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Níbo lẹ ti ń wá? Kí ló dé tí ilé ìdáná yín kọjú síta? Ta ló ń pọnmi fún yín?" Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ènìyàn ń sá fún wọn, wọ́n rò pé ìjọba ló rán wọn wá láti wá fàmì sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Nígbà tó yá, àga ni wọ́n ń gbé fún wọn.

Nínú ìrìn yìí ni òfin tí gbogbo ìpínlẹ̀ mọ̀ wọ́n mọ́ ti jáde, Òfin Ilé Gbígbé fún Àwọn Àdúgbò Tó Ń Gbòòrò. Òfin náà ní kí ìjọba la ọ̀nà, kí ó sì fa omi dé àdúgbò tuntun kí ilé tó pọ̀ níbẹ̀. Ó ní ìjọba ìlú kò gbọdọ̀ kọ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé láì sọ ìdí. Ó ní ẹni tó ní púlọ́ọ̀tì lè kọ́ ilé kékeré kejì sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, kí ìbátan tàbí ayálégbé lè rí ibi gbé. Abala kan sì wà níbẹ̀, kúkúrú báyìí, tó sọ bí ìlẹ̀kùn irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó.

Ẹbí fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì lásán fún Màmá. Ìyá Àgbà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, èémí sì ti ń ṣòro fún wọn, síbẹ̀ yàrá ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣì wà. Màmá bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n máa bọ̀ nílé àwọn. Wọ́n fárígá pé àwọn kò lọ. "Kí n wá máa gbé pálọ̀ ọkọ ọmọ mi bí àga? Mo fẹ́ ilẹ̀kùn tèmi, tí mo lè tì mọ́ ẹni tó bá ń yọ mí lẹ́nu." Bàbá wa ṣe tán láti kọ́ ilé kékeré fún wọn lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n ìjọba ìlú kọ̀ jálẹ̀. Òfin àtijọ́ ní ilé kan ṣoṣo ni púlọ́ọ̀tì kan gbọ́dọ̀ gbà. Nítorí náà, òfin tuntun nìkan ló lè mú Ìyá Àgbà jáde níbẹ̀ láàyè.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́," ni Ìyá Àgbà sọ fún Màmá. "Ẹ má jẹ́ kí n gba ẹnu ọ̀nà tí bàbá rẹ gbà jáde."

Gbogbo ìgbà tí Màmá bá lọ kí wọn ni wọ́n máa ń béèrè. "Òfin yín ńkọ́?"

"Wọ́n ti kà á lẹ́ẹ̀kejì, Màámi."

"Ẹ̀ẹ̀kejì? Ṣé àwọn èèyàn yẹn ò mọ̀wé kà dáadáa ni?"

Ní ọdún 2002, àbádòfin náà dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé. Alága ìgbìmọ̀ náà jẹ́ ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó ti kọ́ ilé tà kí ó tó di aṣòfin, ó sì mọ iṣẹ́ náà. Ó fẹ́ràn gbogbo rẹ̀ àyàfi abala ìlẹ̀kùn.

"Ìyá, ìlẹ̀kùn tó bá fẹ̀ jù ń jẹ ògiri. Ilé kékeré la fẹ́, kó lè pọ̀, kó kárí. Ẹ jẹ́ ká yọ abala yìí, ọ̀la ni a ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta."

Ọ̀rọ̀ gidi ni, Màmá sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gidi ni. Sáà ilé ìgbìmọ̀ ti ń lọ sópin. Bí wọ́n bá gbà kí wọ́n yọ ọ́, Ìyá Àgbà máa rí ilé. Bí wọ́n bá kọ̀, tí àríyànjiyàn sì gùn, àbádòfin náà máa kú pẹ̀lú sáà yẹn, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, Ìyá Àgbà kò sì lè dúró de ìyẹn. Bàbá wa sọ fún àwọn ọmọ lẹ́yìn náà pé Màmá kò fọwọ́ kan oúnjẹ lọ́jọ́ yẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi bàbá wa: "Ṣé kí n gbé Màámi kúrò lẹ́nu ọ̀nà kan, kí n tún kó ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn síbẹ̀?" Bàbá wa ní nígbà yẹn làwọn kọ́kọ́ rí ìbéèrè Màmá tí kò nílò ìdáhùn.

Ní ọjọ́ kejì, Màmá bẹ ìgbìmọ̀ náà pé kí wọ́n fún àwọn láyè díẹ̀. Wọ́n mú okùn jáde nínú báàgì wọn. Wọ́n to àga méjì sáàárín yàrá ìpàdé, wọ́n na okùn sí i kí àlàfo náà lè fẹ̀ bí ìlẹ̀kùn tí Alága fẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n yọ pákó orí tábìlì kan, kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀.

"Ta ni yóò dùbúlẹ̀?"

Alága wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ sórí pákó náà. "Ẹ gbé mi. Ẹ ó rí i pé mo máa kọjá." Àwọn aṣòfin mẹ́rin gbé e. Wọ́n dé ẹnu àlàfo, ọwọ́ wọn há. Wọ́n dà á díẹ̀. Wọ́n tún dà á sí i. Alága di etí pákó mú. "Ẹ rọra! Ẹ rọra o! Ẹ fẹ́ dà mí nù!" Ẹ̀rín bẹ́ nínú yàrá náà.

Nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀, kò dìde. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wo àjà. "Bí wọ́n ṣe gbé ìyá mi jáde nìyí," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀. "Mo ti gbàgbé. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ wọn mú." Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Aṣòfin kan tó gbá igun pákó mú ní ẹ̀gbọ́n òun ni tòun. Wọn kò tún sọ̀rọ̀ nípa yíyọ abala náà mọ́. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kẹta, gómìnà sì buwọ́ lù ú kí sáà tó parí.

Ní ọdún 2003, ilé kékeré ẹ̀yìnkùlé wa dúró, ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ lábẹ́ òfin náà. Bàbá wa fúnra wọn ló kan ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ayàwòrán ilé sì fi kọ̀rọ̀ kan sí ọ̀nà tó lọ sí yàrá, kí àlejò má baà máa rí bẹ́ẹ̀dì láti ẹnu ọ̀nà. Kò sí ohun tó lòdì sí òfin níbẹ̀. Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà ń kó wọlé, gbogbo àdúgbò ló jáde. Tábìlì ìgéṣọ ló kọ́kọ́ wọlé, nítorí Ìyá Àgbà ní kò sí ibi tí wọ́n máa sùn tí tábìlì náà kò ní sí. Ó gba ẹnu ọ̀nà láì fara kan férémù, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Ó dé kọ̀rọ̀, ó há.

Wọ́n tì í. Wọ́n fà á. Kò lọ, kò bọ̀. Ẹni tó wà nínú kò lè jáde, ẹni tó wà níta kò lè wọlé. Ìyá Àgbà dìde lórí àga wọn níta, wọ́n fi ọ̀pá rọra rìn wọlé, wọ́n wo tábìlì, wọ́n wo kọ̀rọ̀, wọ́n sì yíjú sí ọmọ wọn.

"Ta ló sọ pé kó rí báyìí?"

Màmá ti fi ìbéèrè yẹn yọ olùkọ́, alágbàáṣe, aṣòfin àti ọkọ wọn lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n na okùn fún ìgbìmọ̀, ọ̀nà tààrà ni wọ́n gbé Alága gbà. Kò sẹ́ni tó rántí kọ̀rọ̀, Màmá pàápàá kò rántí.

"Èmi ni, Màámi."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbá ògiri mú. "Ó dáa náà. Ó kéré tán, a ti rí ẹni tó sọ ọ́."

Bàbá wa mú òòlù, wọ́n gé igun ògiri náà kúrò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, tábìlì sì wọlé. Ṣùgbọ́n Màmá kò lè rẹ́rìn-ín tó ìyá wọn. Wọ́n mọ̀ pé irú kọ̀rọ̀ yẹn ti ń dìde káàkiri ìpínlẹ̀ lórúkọ òfin tí àwọn kọ. Wọ́n gbé okùn, wọ́n ń ti àdúgbò kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń kan ìlẹ̀kùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo bí ẹ ṣe máa gbé ẹni tí ara rẹ̀ kò yá jáde." Kò sí ẹni tó fẹ́ràn àlejò tó bá ń béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé. Wọ́n lé wọn jáde níbòmíràn. Màmá tún padà lọ. Lẹ́yìn èyí, wọ́n lọ bá Alága, wọ́n ní òfin àwọn kù díẹ̀ káàtó. Alága ní, "Ìyá, ṣé mo tún máa dùbúlẹ̀ ni?" Ó sì tún dùbúlẹ̀ lóòótọ́.

Àtúnṣe òfin náà jáde ní ọdún 2004. Ó ní láti ibùsùn dé ìta, ọ̀nà gbọ́dọ̀ gba àwọn tó gbé ẹnì kan láì dà á tẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìjọba rán bíríkìlà lọ gé kọ̀rọ̀ àwọn ilé tó ti dúró. Láàárín àwọn kọ́lékọ́lé, orúkọ tí wọ́n ń pe àtúnṣe náà títí di òní ni Òfin Tábìlì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ ìdí. Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé yìí ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Màmá fẹ̀yìn tì ní ọdún 2005. Ní ọdún 2009, Ìyá Àgbà sùn nínú ilé kékeré náà, wọn kò sì jí mọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn gbé wọn jáde lórí pákó, bí wọ́n ṣe ń sùn gẹ́lẹ́. Màmá rìn tẹ̀lé wọn. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, Màmá dúró, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan férémù, wọ́n sì ń lọ. Ẹkún dé, ṣùgbọ́n wọn kò béèrè nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn.

Nínú ìgbàgbọ́, Màmá jẹ́ ọmọ ìjọ tí kì í pa ìsìn jẹ. Àlùfáà wa lè jẹ́rìí sí i pé òun ní láti ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ìbéèrè wọn. Bí àlùfáà bá ní Ọlọ́run ló sọ bẹ́ẹ̀, Màmá á ní, "Mo gbà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ bi Í nídìí?" Kì í ṣe àìgbàgbọ́. Wọ́n gbà pé ẹni tó dá ayé máa ní ìdí, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ ọ. Nínú àdúgbò, àwọn ni alága ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ló sì máa ń kọ́kọ́ kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Wọ́n á mú omi tútù dání, wọ́n á wọlé, ojú wọn á sì ti máa wá kọ̀rọ̀.

Bàbá wa ṣáájú wọn lọ ní ọdún 2015. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Màmá fi ilé ńlá sílẹ̀ fún ọmọ wọn kejì àti ìdílé rẹ̀, wọ́n sì kó lọ sí ilé kékeré ẹ̀yìnkùlé. Tábìlì ìgéṣọ ṣì wà níbẹ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ìwé, orí rẹ̀ ni àwọn ọmọ-ọmọ ti ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé, tí wọ́n á sì máa jẹ́wọ́ pé àwọn kò mọ ẹni tó sọ pé kí méjì àti méjì jẹ́ mẹ́rin.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 2024, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, Màmá dákẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, ẹni ọgọ́rin ọdún. Àwọn ọmọ wọn àti aládùúgbò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ló gbé wọn. Aládùúgbò náà kò mọ ìtàn ilé yìí. Nígbà tí wọ́n dé kọ̀rọ̀, ó gbé èjìká rẹ̀ sókè, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀."

Nọ́ọ̀sì, àkọ́bí wọn, mi orí. "Rárá o. A ò ní dà wọ́n. Ó máa gbà wá."

Ó gbà wọ́n. Wọ́n gba kọ̀rọ̀ kọjá, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà kọjá, Màmá sì fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí pákó, wọ́n kọjú sókè, títí wọ́n fi dé inú oòrùn.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé: nọ́ọ̀sì, ẹnjiníà tó ń fa omi dé àwọn àdúgbò tuntun, àti olùkọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń béèrè ìbéèrè ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, tí èjìká púpọ̀ nínú wọn fẹ̀, àti àwọn ọmọ-ọmọ-ọmọ. Wọ́n tún fi Alága sílẹ̀, tó jókòó sí ìlà iwájú lónìí, àti àwọn tó ń gbé nínú ilé tí a kọ́ lábẹ́ òfin wọn, tí wọn kò mọ̀ wọ́n rí, tí wọ́n sì ń gba ẹnu ọ̀nà wọn wọlé, tí wọ́n ń gba ibẹ̀ jáde.

Ẹ sùn dáadáa, Màmá. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ na ara yín gbọọrọ, kò sí ohun tó máa kan yín. Kí Ọlọ́run gbà yín sí àyè tó fẹ̀, níbi tí bàbá tó bí yín ti lè wọlé láì fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Bí ẹ bá sì dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, a mọ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ béèrè. Ẹ bá wa gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.